Títú bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì Ìjàpá tó ti lẹ̀ mọ́ ihò: ohun tí ojú mi rí tí ọwọ́ mi sì kọ́

Nọ́ọ̀tì kọ́ ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ rí mọ̀ pé nọ́ọ̀tì tó dípẹtà kò ní ṣàì yọ, yálà sípánà ló yọ ọ́ tàbí ayùn irin. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tì bá yọ tán ni ọ̀rọ̀ ń di ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn irin olórí róbótó tó so táyà iwájú mọ́ apá irin abẹ́ ọkọ̀, á ṣì wà nínú ihò rẹ̀, kò ní mira, kò ní yí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò rí ohun kankan tó dè é mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ọkọ̀ jẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìjàpá ni ọkọ̀ tí mò ń wí, Volkswagen ẹlẹ́yìn róbótó tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ló ra tiwa ní 1979. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ṣì ń to ọkọ̀. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi, òun náà ló ń gbé wa gun àwọn òkè Abẹ́òkúta lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Mi ò lè tà á. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìdí-Àbà béèrè rẹ̀, mo sì ti dá wọn lóhùn pé kò sí fún títà. Ọkọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ràn tó báyìí, ó yẹ kéèyàn mọ abẹ́ rẹ̀.

Fọkanáísà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ló pe àkíyèsí mi. Ó ń lẹ táyà iwájú, ti ọwọ́ òsì, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, inú ló ń jẹ, ìta ṣì ga. Kì í ṣe táyà ló ń ṣe yín o, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ni."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo délé, mo gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo di táyà náà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo ń tì í wọlé, mo ń fà á jáde, mo sì ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Mo dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, ìyẹn náà ń mì, ṣùgbọ́n dídún rẹ̀ yàtọ̀. Mímì ti òkè òun ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bẹ́ríǹ. Ti ọ̀tún òun òsì sábà máa ń tọ́ka sí orí táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá bẹ́ríǹ ni, ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún wá mì táyà. Bí mímì bá dáwọ́ dúró, bẹ́ríǹ ni. Bó bá ṣì ń mì, ẹ padà sídìí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Àbúrò mi bá mi tẹ bíréèkì, ó ṣì ń mì.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Rọ́bà kékeré tó bo bọ́ọ̀lù apá ìsàlẹ̀ ti ya láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti po mọ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa wa, ó ti le gbagidi. Nígbà tí mo fi èékánná họ ọ́, ó ń já bọ́ ní èéfọ́ èéfọ́, mo sì rí ibi tí iyanrìn ti fá irin bọ́ọ̀lù náà ní ìlà ìlà. Kò sí ohun mìíràn tó pa bọ́ọ̀lù náà. Rọ́bà ló kọ́kọ́ kú, iyanrìn àti omi òjò sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ìdí ọkọ̀ náà, nítorí Ìjàpá kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tó ṣáájú ti 1966 kò ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì níwájú, oríkèé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní kíńgípìn ni wọ́n ń lò. Láti orí ti 1966 ni bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, apá irin méjì ló wà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kan sì wà lẹ́nu apá kọ̀ọ̀kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú nọ́kù, ìyẹn irin tó gbé táyà dúró. Sípíríǹ Ìjàpá kì í ṣe èyí tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Irin pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n tò pọ̀ sínú páìpù méjì tó dábùú iwájú ọkọ̀. Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303 yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹn ní sípíríǹ kíká lára ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹ kíká tí wọn kò bá fún pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó tú u lè pa èèyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohun tí mo kọ síhìn-ín tú ti àwọn yẹn.

Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀tì ti kúrò lórí rẹ̀ kò fẹ́ jáde? Ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀pá tó dọ́gba lókè nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ tín-ín-rín, ihò tó wọ̀ sì fẹ̀ lẹ́nu kan, ó fún lẹ́nu kejì. Bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì, ńṣe là ń fa ẹsẹ̀ náà wọ ihò, títí irin méjèèjì á fi gbá ara wọn mú yí po. Ẹni tó bá ti ki ife kan bọ inú ife mìíràn rí, tó wá ń wá bí yóò ṣe yà wọ́n, mọ ohun tí mò ń wí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni láti fà á wọlé kó sì máa ṣọ́ ọ. Ìgbámú irin sí irin gan-an ló di ẹsẹ̀ náà mú. Ẹ wá fi òjò ọ̀pọ̀ ọdún àti ìpẹtà kún un.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní Láfẹ́ńwá, tó ti ń tún Ìjàpá ṣe láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń tà á ní tuntun. Mo lọ bá wọn pé kí wọ́n yá mi ní púlà, irin iṣẹ́ tí a ń fún láti fi ti ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù jáde nínú ihò. Wọn ò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n yíjú sí ọmọ iṣẹ́ wọn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nítòsí.

"Ìwọ, ibo lo fẹ́ fi òòlù yẹn lù?"

"Orí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, ọ̀gá, kó lè bọ́ sókè."

"Gbé òòlù sílẹ̀. Tó o bá lu orí ẹ̀, orí yẹn á tẹ́, tẹ̀rẹ́ẹ̀dì á bàjẹ́, á tún wá há síbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má lu onílé. Ilé ẹ̀ ni kó o lù."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ náà gbọ́, ọmọ mi?" Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú gbólóhùn yẹn. Bí òòlù tó wúwo bá ba irin tó yí ẹsẹ̀ náà ká lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò á pa ìrísí dà fún ìgbà kékeré kan tí ojú kò lè rí. Róbótó ni tẹ́lẹ̀, á tẹ̀ díẹ̀, á sì padà. Láàárín ìgbà kékeré yẹn, ìgbámú náà á já, ẹsẹ̀ á sì bọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lílù kan tó bọ́ sójú ẹ̀ dáa ju àìmọye lílù tó ṣìnà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ tibí yìí kì í ṣe pé kí ọwọ́ rọ̀ o. Òòlù ńlá ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ jù ú gidi. Ẹ̀sọ̀ ni pé kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ ó lù kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè.

Kí òòlù tó wọlé rárá, ọ̀rọ̀ ìdúró ọkọ̀ ṣe kókó, mi ò sì fi í ṣeré. Jáàkì wà láti gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe láti gbé e dúró. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá rí ẹni tó fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì gbé ọkọ̀ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, kì í kìlọ̀, ìgbà kan náà ló ń fọ́ yángá. Iṣẹ́ tiwa yìí, òòlù la fẹ́ lù, gbogbo ara ọkọ̀ ló sì ń gbọ̀n. Ẹ ra sitáǹdì irin méjì, ẹ wá owó rẹ̀ kí ẹ tó wá owó bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Àgbàlá wa kò ní kọnkéré, ilẹ̀ pupa ni, á sì rọ̀ bí òjò bá rọ̀, nítorí náà mo tẹ́ pákó tó fẹ̀ tó sì nípọn sábẹ́ sitáǹdì kọ̀ọ̀kan kó má baà rì. Mo fi igi há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, mo fa háńbíréèkì, torí táyà ẹ̀yìn ni háńbíréèkì ń dì mú. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi èjìká ti ọkọ̀ náà lágbára láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá fẹ́ ṣubú, kó ṣubú nígbà tí mo wà níta. Táyà tí mo yọ, mo tì í sábẹ́ ọkọ̀, kó máa wà níbẹ̀. Awò ojú náà kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí ìpẹtà máa ń fò tí òòlù bá balẹ̀, ojú yín gan-an ló sì máa ń dojú kọ.

Ohun kan wà lọ́wọ́ òsì Ìjàpá tó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nọ́ọ̀tì tó di bẹ́ríǹ táyà òsì mú, òdìkejì ni tẹ̀rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ ó yí i sí ibi tí ẹ máa ń yí nọ́ọ̀tì mìíràn sí bí ẹ bá fẹ́ fún un, ìgbà yẹn ló máa tú. Wáyà sípídómítà náà gba àárín irin táyà òsì yìí kọjá, ó yọrí sójú ìdérí níta, pín kékeré kan ló sì dè é níbẹ̀. Ẹ yọ pín náà kí ẹ tó fa ìdérí. Bíréèkì, èmi kì í tú họ́ọ̀sì rẹ̀ tí kò bá pọn dandan. Mo yọ àwo ẹ̀yìn bíréèkì pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, mo fi wáyà so ó rọ̀ sókè, kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà lórí họ́ọ̀sì.

Nípa epo tí a fi ń rẹ ìpẹtà: oríṣiríṣi ni àwọn ará ibí ń lò. Àwọn kan ń da kẹrosíìnì sí i, àwọn mìíràn bíréèkì ọ́ìlì, tó máa ń ba ọ̀dà ọkọ̀ jẹ́ bó bá kàn án. Èmi ra èyí tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ tẹ̀rẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, mo fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, mo fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́ kó lè wọlé, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀tì fi gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ni epo wúlò fún jù. Ibi tí ẹsẹ̀ àti ihò ti gbá ara wọn mú há tó bẹ́ẹ̀ tí epo kò fi rọrùn láti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fọ́n epo síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń retí pé ẹsẹ̀ yóò dá jáde, yóò ra agolo tì.

Orí táì-rọ́ọ̀dù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun ló rọrùn jù. Mẹ́rin ló wà lára Ìjàpá. Pín tó gba inú nọ́ọ̀tì kọjá ti jẹra, mo fi ohun ìlu-ihò lu ìyókù rẹ̀ jáde. Mo tú nọ́ọ̀tì, àmọ́ mi ò yọ ọ́ tán. Mo fi í sílẹ̀ lórí tẹ̀rẹ́ẹ̀dì díẹ̀, kó lè gba ẹsẹ̀ náà mú nígbà tó bá bọ́. Mo ní kí àbúrò mi fi òòlù ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ kan irin náà, kó dì í mú pinpin, mo wá fi òòlù kejì lù ú láti ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́. Mo lù ú, kò gbọ́. Mo sún díẹ̀, mo wá ibi tí irin ti nípọn, mo tún lù ú, ó dún "gbà!", táì-rọ́ọ̀dù sì já wálẹ̀ lójijì, ó rọ̀ dirodiro lórí nọ́ọ̀tì. Àbúrò mi pariwo. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí kò ṣe sí àárín méjì nínú rẹ̀. Kì í tú díẹ̀díẹ̀. Ó di mọ́lẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ó bọ́ pátápátá.

Kí ẹ tó yọ orí táì-rọ́ọ̀dù kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti àárín ẹsẹ̀ kan dé àárín ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ yí i kó tó jáde. Orí kan lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń tú sí òsì, èkejì sí ọ̀tún, kí a lè máa yí ọ̀pá náà láti fi tún ìdojúkọ táyà ṣe láìyọ ohunkóhun. Ẹ ra méjì méjì, ẹ má ra mẹ́rin tó ń yí síbì kan náà.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì gan-an le ju ìyẹn lọ. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n máa ń gbá wọ àárín apá àti nọ́kù. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n á ya rọ́bà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù náà nù, kò séwu. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tú u láti ṣe nǹkan mìíràn kí ẹ sì dá a padà, ẹ má fi fọ́ọ̀kì kàn án, torí rọ́bà tó bá ya lónìí, iyanrìn á wọ̀ ọ́ lọ́la. Púlà ló dára jù, àgàgà bí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ òòlù: ẹ fi púlà fún un títí tí sípánà á fi le lọ́wọ́ yín, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ wá lu ẹ̀gbẹ́ nọ́kù. Púlà ń tì í, òòlù ń gbọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn nìkan lè máà tó.

Bí nọ́ọ̀tì bá tú díẹ̀ tí ẹsẹ̀ wá ń bá a yí, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá irin náà, kí ẹ fi tì í kí ẹsẹ̀ lè tún há sínú ihò fúngbà díẹ̀. Á dúró jẹ́ẹ́, nọ́ọ̀tì á sì tú. Bí kò bá tú, ayùn irin ló kù.

Iná wá ńkọ́? Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù rèé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tan iná wẹ́dà sí irin tó há, òótọ́ sì ni pé irin tó gbóná ń fẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó dì mú sílẹ̀. Lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ lè rò ó. Lára Ìjàpá, rárá. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló wà lẹ́yìn. Iwájú ni tánkì bẹntiróòlù wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lókè páìpù iwájú gan-an, níbi tí ẹ fẹ́ tan iná sí. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, ta ló mọ bí rọ́bà tó so mọ́ tánkì rẹ̀ ṣe wà? Mo wà ní ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan tí wọ́n tan iná sábẹ́ Ìjàpá oníbàárà kan. Gíríìsì gbaná, ọ̀kan nínú wọn fi yẹ̀pẹ̀ pa á, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ojú tí mo fi wò ó lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní tan iná sábẹ́ ti bàbá mi láé. Yàtọ̀ sí tánkì, iná ń sun rọ́bà, ó ń jó họ́ọ̀sì bíréèkì, ó sì ń sọ irin tí wọ́n ti rọ le di rírọ̀. Apá irin kì í ṣe ohun tó yẹ kó rọ̀, òun ló gbé yín dúró lójú ọ̀nà.

Lórí bọ́ọ̀lù apá òkè, búúṣì kan wà tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń tún bí táyà ṣe dúró ṣe, bóyá kó fì sínú tàbí kó fì sóde. Mo fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì fá ìlà kan sára rẹ̀ àti sára nọ́kù kí n tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbé jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀, torí sípíríǹ pẹlẹbẹ yẹn ṣì lè ní agbára nínú, mo fún púlà, mo sì lu nọ́kù. Ti òkè gbà láìpẹ́. Ti ìsàlẹ̀, èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, kò gbà. Mo fún púlà sí i, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ jẹun. A ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ nínú ilé nígbà tí a gbọ́ ọ láti àgbàlá, "gbà!". Kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé bí púlà bá ti fún tó, ẹ fún irin náà láyè. Ìfúnpá ń bá a lọ nígbà tí ẹ̀yin ń sinmi. Ìdí mìíràn nìyẹn tí nọ́ọ̀tì fi gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀, kí púlà má baà fò bá ọmọdé tó ń kọjá.

Bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ fi bóòtù dè mọ́ apá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú apá ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbé apá lé orí òkúta tí wọ́n sì ń fi òòlù lù ú jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò apá á fẹ̀, bọ́ọ̀lù tuntun á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, á sì máa mì láàárín oṣù díẹ̀. Mo yọ àwọn apá náà kúrò lára ọkọ̀. Mo yọ irin tó dè wọ́n mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, mo tú ìdí ṣọ́ọ̀kì, mo wá tú nọ́ọ̀tì kékeré àti ìṣó onígun mẹ́fà nínú tó di apá mọ́ sípíríǹ pẹlẹbẹ, apá sì fà jáde. Mo di wọ́n sínú àpò, mo gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ní pírẹ́ẹ̀sì. Níbẹ̀, ohun tí èmi ìbá fi òòlù jà fún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pírẹ́ẹ̀sì ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dúró tì wọ́n kí wọ́n má baà tẹ bọ́ọ̀lù tuntun wọlé ní wíwọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ ihò apá yín fẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀lù tó tóbi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fún irú rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó jù apá nù.

Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni mo ti ra àwọn ẹ̀yà. Mi ò ní sọ iye rẹ̀, torí kí ẹ tó ka èyí tán, ó ti yí padà. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù kí ẹ tó sanwó: tuntun tó dáa máa ń le lọ́wọ́, kì í ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà, ẹ wò ó bóyá ó ti ń là. Nígbà tí mo délé, mo fi ẹfun ra ẹsẹ̀ tuntun, mo kì í bọ ihò nọ́kù, mo yí i díẹ̀, mo yọ ọ́. Bí ẹfun bá pa rẹ́ yí po, ẹsẹ̀ àti ihò bá ara wọn mu. Bó bá pa rẹ́ níbì kan ṣoṣo, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ nu ẹsẹ̀ àti ihò gbẹ. Ẹ má fi gíríìsì síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń wuni láti fi díẹ̀ sí i kó má baà há lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ìgbámú gbígbẹ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gíríìsì sí tẹ̀rẹ́ẹ̀dì díẹ̀ bó bá wù yín. Bí ihò pín kò bá bá ihò nọ́ọ̀tì dọ́gba, ẹ fún nọ́ọ̀tì síwájú díẹ̀ títí yóò fi dọ́gba, ẹ má tú u sẹ́yìn. Pín tuntun ni kí ẹ lò, kì í wọ́n.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti wà nípò, mo fún páìpù iwájú ní gíríìsì. Ihò gíríìsì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, iwájú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lókè kí gíríìsì tó lè wọlé dáadáa. Mo fi ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀ to táì-rọ́ọ̀dù, mo sì wakọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe aláímẹ́ǹtì. Wọn ò rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i. Bí sítíárìn náà ṣe máa ń rí lọ́wọ́ mi láti ìgbà èwe mi tún padà, ọkọ̀ náà sì ń lọ tààrà láìjẹ́ pé mò ń fà á.

Bọ́ọ̀lù apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi ò fọwọ́ kàn án. Mo mì í, kò mì. Rọ́bà rẹ̀ ṣì dáa, kò ya, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ti tú nígbà tí mo dán an wò, mo tún fún un padà. Mo ti ra tuntun rẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, mo máa tún gbé iwájú ọkọ̀ sókè, màá fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó bá sì ti ń là, màá lọ yá púlà lọ́wọ́ bàbá ní Láfẹ́ńwá.